Ta ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀? Kámẹ́rà gẹ́gẹ́ bí olùgbọ́ nínú eré The Office

Nínú kíláàsì ìtumọ̀ tí mo ń kọ́, mo máa ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìran kúkúrú láti inú eré tẹlifíṣọ̀n kan. Wọn a kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ, wọn a sì wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tó lè wọ ìsàlẹ̀ àwòrán. Lọ́dún kan, mo mú ìran kan wá láti inú The Office, eré apanilẹ́rìn-ín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kan ń ṣe àwàdà tí kò dùn. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan tó jókòó nítòsí kò rẹ́rìn-ín, kò sì fèsì. Ó kàn gbé ojú sókè, ó wo kámẹ́rà, ó tún gbé ojú kúrò. Kò ju ìṣẹ́jú-àáyá méjì lọ. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin kan láti Kétu na ọwọ́ sókè, ó ní: "Ọ̀gá, kí ni ká kọ síbẹ̀ yẹn? Kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà."

N kò rí èsì gidi fún un lọ́jọ́ náà. Mo ní kí wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, a sì bá ìran náà lọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi, nígbà tó sì yá, ó mú mi padà sídìí àwọn ohùn kan tí mo gbà sílẹ̀ ní ọjà ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, tí mo ti rò pé iṣẹ́ ti parí lórí wọn. Èsì tí mo jẹ ọmọbìnrin náà gbẹ̀yìn ni mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín. Ohun tí mo rí ni pé ẹni tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà, tí a kì í rí, tí a kì í sì í gbọ́ ohùn rẹ̀, ni olùgbọ́ tó lágbára jù lọ nínú eré náà, àti pé èdè Yorùbá, nítorí ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ ẹni kejì tó ní, kò jẹ́ kí a lè fi olùgbọ́ náà pamọ́.

Bí eré náà ṣe rí

The Office bẹ̀rẹ̀ lórí BBC Two ní ọjọ́ 9, oṣù Keje, ọdún 2001. Ricky Gervais àti Stephen Merchant ló kọ ọ́, àwọn náà ló sì darí rẹ̀. Apá méjì ló ní, apá kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìpín mẹ́fà, wọ́n sì fi ìpín méjì àkànṣe kún un fún Kérésìmesì ọdún 2003. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìpín 14 lọ. Ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀ ni ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta bébà, Wernham Hogg, ní ìlú Slough, tí kò jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù. David Brent, tí Gervais fúnra rẹ̀ ṣe, ni ọ̀gá ẹ̀ka náà. Tim ni òǹtajà tí iṣẹ́ ti sú, Gareth ni ẹni tó fẹ́ràn oyè, Dawn ni ó ń gba àlejò lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn aláṣẹ fẹ́ pa ẹ̀ka Slough àti ẹ̀ka Swindon pọ̀, ẹ̀rù sì ń ba àwọn òṣìṣẹ́ pé a ó dín wọn kù. Yàtọ̀ sí èyí, ohun tí ẹ̀yin náà ń rí ní bùró lójoojúmọ́ ni: fóònù tó ń dún, ẹ̀rọ ẹ̀dà-ìwé, tíì, àwọn méjì tó fẹ́ràn ara wọn tí wọn kò lè sọ ọ́.

Wọ́n ṣe é bí ẹni pé òṣìṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan wá gbé kámẹ́rà ka ilé-iṣẹ́ gidi mọ́lé láti ṣe dọkumẹ́ńtárì nípa iṣẹ́ wọn. Irú eré bẹ́ẹ̀, tó ń fi dọkumẹ́ńtárì ṣẹ̀fẹ̀, ti wà ṣáájú. This Is Spinal Tap, fíìmù Rob Reiner tó jáde ní 1984, wà lára èyí tí a mọ̀ jù. Ohun tí Gervais àti Merchant ṣe ni pé wọ́n mú un wọ inú ìgbé-ayé ọ́fíìsì tí kò ní ariwo kankan. Kò sí ẹ̀rín òǹwòran tí a lẹ̀ mọ́ ọn. Kámẹ́rà a máa mì, a máa yọjú láti ẹ̀yìn gíláàsì. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹnìkan a jókòó lóun nìkan, yóò máa dáhùn ìbéèrè tí a kò gbọ́ nígbà tí wọ́n bi í. Àwa òǹwòran nìkan la mọ̀ pé ìbéèrè ti wà níbẹ̀, nítorí pé èsì kì í dá wáyé.

Ní ìpín àkọ́kọ́, Brent pe Dawn wọlé, ó fi ẹ̀sùn olè kàn án lórí ìwé pélébé alẹ̀mọ́ra, ó ní òun ti lé e kúrò níṣẹ́. Ẹ̀fẹ̀ ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀ jókòó tì wọ́n, òun ni Brent fẹ́ fi hàn pé ọ̀gá aláwàdà ni òun. Dawn bú sẹ́kún. Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n ka iye olùgbọ́ tó wà nínú ìran yẹn kí wọ́n tó kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Ẹni tí Brent ń bá wí ni Dawn. Ẹni tó ń ṣe àwàdà fún ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ẹni tó fẹ́ kó rí i pé òun ń ṣe àwàdà fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni kámẹ́rà. Ọ̀rọ̀ kan, olùgbọ́ mẹ́ta, ẹni kan ṣoṣo ló sì ń sunkún.

Àwọn olùgbọ́ kì í ṣe ọ̀kan náà

Erving Goffman, nínú ìwé rẹ̀ Forms of Talk tó jáde ní 1981, kò gbà pé olùsọ̀rọ̀ kan àti olùgbọ́ kan ni ìtakùrọ̀sọ ní. Ó ya àwọn olùgbọ́ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ẹni tí a dìídì dojú ọ̀rọ̀ kọ, ẹni tó jókòó síbẹ̀ tí a mọ̀ pé ó ń gbọ́, ẹni tó ń kọjá tí ọ̀rọ̀ ta sí létí, àti ẹni tó fara pamọ́ tó ń yọ́ gbọ́. Allan Bell gbé irú ìpín bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ ní 1984 láti ṣàlàyé ìdí tí ènìyàn kan náà fi ń yí ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Lójú tirẹ̀, kì í ṣe ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ nìkan ló ń darí ẹnu wa. Ẹni tó jókòó tì wá náà ń darí rẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, tó jẹ́ pé Faransé ni wọ́n fi ń wo tẹlifíṣọ̀n, tètè rí ìyàtọ̀ náà nígbà tí mo fi The Office wé Caméra Café, eré M6 tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2001 kan náà. Bùró ni ti òun náà, òṣìṣẹ́ ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n inú ẹ̀rọ kọfí ni kámẹ́rà wà. Àwọn tó wá mu kọfí kò mọ̀ pé a ń wò wọ́n. Ayọ́gbọ́rọ̀ ni wá níbẹ̀, bí ẹni tó fi etí lé ara ilẹ̀kùn. Ní The Office, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé kámẹ́rà wà, kálukú sì fún un ní ipò tirẹ̀. Brent a máa wò ó bí ẹni tí òun dojú ọ̀rọ̀ kọ ní tòótọ́, kódà nígbà tó bá ń bá Dawn sọ̀rọ̀. Gareth a máa ka oyè rẹ̀ fún un bí ẹni tó dé iwájú aláṣẹ. Dawn a máa sá fún un. Tim ló sọ ọ́ di ẹlẹ́rìí.

Ojú tó ń pe ẹlẹ́rìí

Àwa Yorùbá kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wa pé ojú ń sọ̀rọ̀. A ní ojú lọ̀rọ̀ wà. A máa ń yin ọmọ pé ó mojú. Ìyá rẹ̀ kò ní í yanu tí yóò ti gbé ọwọ́ kúrò nínú abọ́ àlejò. Nítorí náà, èsì tó kọ́kọ́ wá sí ẹnu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni pé Tim "fojú sọ̀rọ̀", ká sì gba ibẹ̀ lọ. Mo sọ fún wọn pé kò tó. Ojú tí ìyá fi ń bá ọmọ wí jẹ́ ọ̀rọ̀ láàárín ẹni méjì. Ojú Tim jẹ́ ti ẹni mẹ́ta: òun, ọ̀gá tó ń sọ ìsọkúsọ, àti ẹni tí òun gbé ojú sí.

Ibi tí mo ti rí irú rẹ̀ ní èdè wa ni inú ìjà. Ẹ gbọ́ bí ẹni méjì ṣe ń jà ní gbangba. Bó bá pẹ́ díẹ̀, ọ̀kan nínú wọn yóò kẹ̀yìn sí èkejì, yóò yíjú sí àwọn tó dúró, yóò ní: "Ẹ bá mi bi í!" Ẹ wo gírámà gbólóhùn kékeré yẹn. Ẹ ni ẹlẹ́rìí, ẹni kejì. Mi ni ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ẹni kìíní. Í ni ẹni tó ń bá jà, ẹni kẹta. Ẹni yẹn ṣì dúró níbẹ̀ o, etí rẹ̀ kò di, ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn ìwọ ni wọ́n ń pè é. A ti lé e kúrò ní ipò ẹni kejì lọ sí ipò ẹni kẹta lójú ara rẹ̀. Ìwọ̀sí tó wà nínú gbólóhùn náà wà nínú ìyípadà yẹn, kò sí nínú ọ̀rọ̀-ìṣe rárá.

Ohun tí ojú Tim ń ṣe nìyẹn. Bí a bá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, "Ẹ bá mi wò ó" ni ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n mo rò pé kò yẹ kí a kọ ọ́. Ẹni tó ń jà ní gbangba lè kígbe. Tim kò lè kígbe, nítorí ọ̀gá rẹ̀ wà níbẹ̀, owó oṣù sì ń bẹ lọ́wọ́ ọ̀gá. Ẹ̀rín tó wà níbẹ̀ ti ara àìlèsọ yẹn wá. Bí a bá kọ ọ́, a ti fún Tim ní ẹnu tí iṣẹ́ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ mẹ́ta, iṣẹ́ mẹ́ta

Èdè Gẹ̀ẹ́sì òde òní ní you kan ṣoṣo fún ẹni kejì, ẹyọ àti ọ̀pọ̀, àgbà àti ọmọdé. Brent fẹ́ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ rí òun bí ọ̀rẹ́ dípò ọ̀gá, ṣùgbọ́n èdè rẹ̀ kò fún un ní ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ tó lè fi ṣe é. Àwàdà ló ń fi ṣe é, àti gìtá tó gbé jáde lọ́jọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́, àti ijó kan tí ẹni tó bá ti wò ó kò ní í gbàgbé. Nígbà tí wọ́n gbé eré náà lọ sí èdè mìíràn, nǹkan yí padà. Àwọn ará Jámánì ní Stromberg, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004, nínú ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò. Canal+ ṣe Le Bureau ní 2006, François Berléand ni ọ̀gá ibẹ̀, orúkọ rẹ̀ nínú eré sì ni Gilles Triquet. Kò sí ìlà kan tí ọ̀gá fi dojú kọ òṣìṣẹ́ kan ní èdè méjèèjì wọ̀nyí tí òǹkọ̀wé kò ní í yàn: du tàbí Sie, tu tàbí vous. Brown àti Gilman ti fi hàn ní 1960 pé agbára àti ìrẹ́pọ̀ ló ń jà lórí irú àwọn ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá tó fẹ́ ìrẹ́pọ̀ láìjẹ́ kí agbára bọ́ lọ́wọ́ òun ni Brent, nítorí náà ìjà yẹn gan-an ni gbogbo eré náà.

Ní Yorùbá àjùmọ̀lò, o jẹ́ ti ẹyọ, ẹ jẹ́ ti ọ̀pọ̀, ẹ kan náà sì ni a fi ń bá àgbà kan ṣoṣo sọ̀rọ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ka-èdè ló rí bẹ́ẹ̀. Ní Èkìtì àti Oǹdó, ọmọdé lè fi ẹyọ bá àgbà sọ̀rọ̀ láìsí ìwọ̀sí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí a ń kọ ní ilé-ẹ̀kọ́ ni mo ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lò. Mo ní kí wọ́n kọ ìran tuntun fún ọ̀gá kan ní bùró wa níhìn-ín, ọ̀gá tó ń fẹ́ kí wọ́n rí òun bí ẹgbẹ́ wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ìwé tí mo gbà lọ báyìí:

Ọ̀gá: Ẹ má sọ ẹ sí mi mọ́. Ọ̀rẹ́ ni gbogbo wa.
Àwọn òṣìṣẹ́: A ti gbọ́, ọ̀gá. Ẹ ṣeun.

Ìlà méjì péré, n kò sì tíì rí ìtumọ̀ Brent tó dára jù ú. Ẹ àkọ́kọ́ jẹ́ ti ọ̀pọ̀. Èkejì jẹ́ ọ̀rọ̀ tí à ń tọ́ka sí. Ẹ̀kẹta, tó wà nínú "Ẹ ṣeun", ló fọ́ gbogbo ohun tí ọ̀gá ní kí wọ́n ṣe, wọ́n sì fi ọ̀wọ̀ fọ́ ọ. Èdè kò jẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ràn. Bí wọ́n bá sọ "O ṣeun" fún un, wọ́n ti ṣe ohun tó ní kí wọ́n ṣe, inú rẹ̀ yóò sì bàjẹ́ kíákíá, gbogbo wa mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí àríyànjiyàn ti wáyé ni ìgbà tí ọ̀gá yìí yíjú sí kámẹ́rà. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àlàyé: "Ẹ rí i..." tàbí "O rí i..."? Àwọn kan ní ẹni tó gbé kámẹ́rà lè jẹ́ ọmọdé sí ọ̀gá, kí ọ̀gá sọ o sí i. Ọmọkùnrin kan láti Àjàṣẹ́ dáhùn pé kámẹ́rà kì í ṣe ọmọdé. Ó tọ̀nà, mo rò. Ẹ tí ọ̀gá ń sọ sí kámẹ́rà lè jẹ́ ọ̀wọ̀ fún àlejò kan, ó lè jẹ́ ọ̀pọ̀ fún ayàwòrán àti àwọn tó bá a wá, ó sì lè jẹ́ ọ̀pọ̀ fún gbogbo ìlú tí yóò wo tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ iwájú. Mo ní kí wọ́n fi ẹ sílẹ̀, kí wọ́n má yanjú rẹ̀, nítorí Brent fúnra rẹ̀ kò yanjú rẹ̀. Ó ń bá ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá orílẹ̀-èdè sọ̀rọ̀. Nínú ìpín Kérésìmesì 2003, a gbọ́ pé wọ́n ti fi dọkumẹ́ńtárì náà hàn ní tẹlifíṣọ̀n nínú ayé eré náà. Brent wá ń ráhùn pé ńṣe ni wọ́n gé ọ̀rọ̀ òun, tí wọ́n sì tò ó kí òun lè dà bí òmùgọ̀. Ẹni tó rò pé ọ̀rẹ́ kan ni òun ń sọ ẹ sí ló wá mọ̀ pé gbogbo ayé ni.

Kí n tó kúrò lórí ìtumọ̀, ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu kan oyè Gareth, bí kò tilẹ̀ kan kámẹ́rà tààrà. Gareth ní igbákejì ọ̀gá ẹ̀ka ni òun, wọ́n sì máa ń tún un ṣe pé olùrànlọ́wọ́ ọ̀gá ẹ̀ka ni. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kéékèèké méjì, to the, ló pín méjèèjì níyà. Wọ́n gbé ẹ̀fẹ̀ náà lọ sí Amẹ́ríkà, Dwight sì jẹ ẹ́ níyà ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí a bá lo igbákejì àti olùrànlọ́wọ́, ẹ̀fẹ̀ kú, nítorí kò sẹ́ni tó lè ṣèèṣì sọ ọ̀kan dípò èkejì. Ọmọbìnrin Kétu tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ló wá ojútùú: "ọ̀gá kejì" àti "èkejì ọ̀gá". Ìtò ọ̀rọ̀ ló ṣe iṣẹ́ to the. Inú èkíní, ọ̀gá ni ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó. Inú èkejì, ọ̀gá jẹ́ ẹni tó ni ín. Mo fún un ní máàkì tó ga jù lórí ìyẹn.

Máìkì tí Tim yọ

Ẹ̀dà ti Amẹ́ríkà, lórí NBC láti 2005 dé 2013, gùn dé ìpín 201. Ó sì ṣe ohun kan tí ti Gẹ̀ẹ́sì kò ṣe. Nínú apá kẹsàn-án tó kẹ́yìn, Pam ń sunkún níwájú kámẹ́rà, ọkùnrin kan tó di máìkì mú jáde wá láti ẹ̀yìn láti tù ú nínú. Olùgbọ́ tó ti dákẹ́ fún ọdún mẹ́jọ la ẹnu. Àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀. Lójú tèmi, ó dín agbára rẹ̀ kù, nítorí nígbà tí ẹ bá ti di ẹnìkan tó ní ojú àti orúkọ, ó ti di o nìyẹn.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù wà ní òpin apá kejì ti Gẹ̀ẹ́sì. Tim jókòó, ó ń dá sọ̀rọ̀ sí kámẹ́rà nípa Dawn tó fẹ́ lọ sí òkè òkun pẹ̀lú àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ó dá ọ̀rọ̀ dúró lójijì, ó dìde, ó lọ mú Dawn wọ yàrá kan, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì yọ máìkì tí wọ́n fi sí i lára. Ohùn dákẹ́. Láti ẹ̀yìn gíláàsì, a rí ẹnu tó ń mì, a rí wọn tí wọ́n dì mọ́ ara wọn, a kò gbọ́ ohunkóhun. Nígbà tó jáde, ó dá máìkì padà, ó sì sọ fún wa pé Dawn kọ̀. Ìgbà kan ṣoṣo yẹn ni ẹnìkan nínú eré náà sọ ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé olùgbọ́ kan ni ó ní, a kò sì jẹ́ kí a gbọ́ ọ.

William Labov ti sọ ìṣòro náà fún wa ní 1972. Ọ̀rọ̀ tí à ń wá ni èyí tí ènìyàn ń sọ nígbà tí a kò ṣọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà kan ṣoṣo tí a fi lè rí i ni pé ká ṣọ́ ọ. Mo ti kọ́ èyí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láìmọye ìgbà. Síbẹ̀, nígbà tí mo padà sí ohùn tí mo gbà ní ọjà kan lágbègbè Kétu, mo rí ohun tó dójú tì mí. Àwọn obìnrin méjì tó ń ta iṣu ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹgbẹ́ ni wọ́n, o ni wọ́n ń sọ sí ara wọn. Ṣùgbọ́n lóòrèkóòrè, ẹ a yọ láàárín ọ̀rọ̀. Nínú ìwé tí mo kọ nígbà náà, mo ka àwọn ẹ yẹn sí ọ̀wọ̀, mo sì ṣe àlàyé gígùn pé àwọn ẹgbẹ́ a máa yí láti o sí ẹ nígbà tí àwàdà bá fẹ́ di ìjà. Mo kọ́ kíláàsì méjì ní ẹ̀kọ́ náà.

Nígbà tí mo tún un gbọ́ lẹ́yìn ìbéèrè ọmọbìnrin Kétu, mo rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe sí ara wọn. Èmi tí mo di agbohùnsílẹ̀ mú ni wọ́n ń sọ ẹ sí. "Ẹ ò gbọ́ ọ?" Wọ́n ń fi èkejì sùn mí ni. Èmi ni kámẹ́rà. Nínú àwọn kan, gírámà fi í hàn, nítorí èkejì ti di ẹni kẹta nínú gbólóhùn kan náà, bíi ti "ẹ bá mi bi í". Nínú àwọn mìíràn, kò sí ohun tí mo lè fi mọ̀. Ohùn nìkan ni mo gbà, ojú kò sí níbẹ̀. Mo ti yọ àlàyé náà kúrò nínú ẹ̀kọ́ mi, mo sì sọ ìdí rẹ̀ fún kíláàsì tó tẹ̀ lé e.

Láti ìgbà náà, bí a bá lọ gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀, a máa ń gba àwòrán pọ̀ mọ́ ọn bí àwọn onílé bá fọwọ́ sí i, ìwé tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ sì ti ní ìlà kẹta. Ìlà àkọ́kọ́ jẹ́ ti ọ̀rọ̀, èkejì jẹ́ ti ìtumọ̀ Faransé, ẹ̀kẹta jẹ́ ti ibi tí ojú wà: sí ẹni kejì, sí ilẹ̀, sí wa. Iṣẹ́ ńlá ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kùn, wọn kò sì jẹ̀bi, nítorí ìṣẹ́jú kan lè gba ọ̀sán kan lọ́wọ́ ẹni. A kò tíì fi ẹnu kò lórí ohun tí a ó ṣe nígbà tí ojú bá kúrò kí gbólóhùn tó parí.

Ìlà kẹta yẹn kò tún lè gba gbogbo nǹkan. Nígbà ìkẹyìn tí a lọ, ìyá kan tó ń bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ dúró láàárín ọ̀rọ̀, ó wò mí, ó ní: "Ẹ bá wa pa á díẹ̀." Mo pa á, mo sì jáde síta. Nígbà tó pè mí padà, wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ òjò. Nínú ìwé wa, ohun tó wà níbẹ̀ ni: agbohùnsílẹ̀ wà ní pípa, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá.